Bí mo ṣe wá ibi tí mo ti lè ṣiṣẹ́, láti Fágbà títí dé Ògbà

Iṣẹ́ customer care ni mò ń ṣe fún ilé iṣẹ́ kan lókè òkun, aago méjì ọ̀sán sí mẹ́jọ alẹ́, orí fóònù ni gbogbo ẹ̀. Fágbà, nílùú Èkó, ni mò ń gbé. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa á ti mọ ibi tọ́rọ̀ ń lọ: aládùúgbò mi lápá òsì ní jẹ́ńì kékeré tó máa ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ látàárọ̀, lápá ọ̀tún ìyá kan ń lọ ata. Mo ti ń fara dà á tipẹ́, àfìgbà tí oníbàárà kan bi mí lórí ìlà pé ṣé orí ọ̀kadà ni mo wà. Mo ní rárá ma, inú yàrá mi ni. Obìnrin yẹn ò fèsì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé mo gbọ́dọ̀ wá ibòmíì jókòó.

Yábà ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, torí láti 2011 tí CcHub, ilé iṣẹ́ tó ń ran àwọn tó ń dá iṣẹ́ tẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ lọ́wọ́, ti dé sí títì Herbert Macaulay ni àwọn onítẹ́ẹ̀kì ti ń wọ́ lọ síbẹ̀, ibi téèyàn ti lè sanwó jókòó ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní co-working space, pọ̀ níbẹ̀ ju tọ̀dọ̀ wa lọ. Mo wọ rélùwéè Red Line láti Ìjú, a kọjá Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, a dé Yábà, kò sí gò-sílò kankan, mo gbádùn ẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń parí iṣẹ́ ní mẹ́jọ alẹ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ padà délé? Rélùwéè kì í ṣe dáńfó tí wàá dúró lẹ́bàá títì kó wá bá ẹ. Mo bá gbàgbé Yábà, mo ní kí n wá nǹkan nítòsí.

Mo gbìyànjú ilé oúnjẹ kan, mo ra meat pie àti mínírà, mo wá gbogbo ara ògiri títí mi ò rí sọ́kẹ́ẹ̀tì àfi ẹyọ kan lẹ́yìn fíríìjì. Bí mo ṣe fa ṣájà yọ báyìí ni ọmọ tó ń ta ọjà sún mọ́ mi, "Àǹtí, ẹ má bínú o, ọ̀gá wa ò gbà ká máa ṣájì níbí." Ojú tì mí díẹ̀ o, mo kàn jẹ meat pie mi tán, mo kúrò. Business center tó wà ní òdìkejì títì ńkọ́? Sáà JAMB ni, àwọn ọmọ kún ibẹ̀ fọ́fọ́, kò síbi tí mo fẹ́ jókòó sí.

Mo wá ṣí Google Maps, mo tẹ "co-working space" síbẹ̀, ó gbé mẹ́ta jáde fún mi ní sàkáání Ògbà. Mo wọ kẹ̀kẹ́ dé Pen Cinema, mo wọ òmíì dé Ògbà. Ẹ wò ó, àkọ́kọ́ tí mo dé ti di ṣọ́ọ̀bù onírun! Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní èmi kọ́ ni àkọ́kọ́ tó ń wá béèrè. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó mọ́tò, ẹ pe nọ́ńbà wọn, ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n ya fọ́tò ìgbẹ̀yìn tó wà lórí máàpù yẹn, tó bá ti lé lọ́dún kan, ẹ ṣọ́ra.

Ìkejì rẹwà, mi ò ní purọ́. Ẹ́síì, àga tó ń yí, òdòdó lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n mo ti bá ara mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní fojú ra ibì kankan, wákàtí iṣẹ́ mi gan-an ni màá lọ jókòó wò, mo bá sanwó ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn wò, download, ìyẹn bí nǹkan ṣe ń yára wọlé, 18 Mbps, inú mi dùn, mo wo upload, 0.6 péré. Upload yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbé ohùn àti àwòrán tìẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ á máa gbọ́ wọn kedere, àwọn ò ní máa gbọ́ ẹ. Mo ti bi ọkùnrin tó ni ibẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá múná lọ ńkọ́?" Ó ní, "Ojú ẹsẹ̀ ni jẹ́ńì wa máa ń gbà á." Ó kù ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́ta lù, wọ́n múná lọ lóòótọ́. Jẹ́ńì dé láàárín ìṣẹ́jú kan, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n router, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti kú, ó sì gbà á ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jí padà, oníbàárà tí mo wà lórí ìlà pẹ̀lú ẹ̀ ti lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ìdí tábìlì mi pàápàá, wọ́n ṣẹ́ páálí kékeré sábẹ́ plug kó lè dúró, ibi kan ti jóná dúdú lára ẹ̀. Mo palẹ̀ láptọ́ọ̀pù mi mọ́.

Ìkẹta ni mo wà báyìí. Òkè àjà kejì ni, kò lẹ́wà rárá, àga oníke, ìyẹn ti plastic lásán, ṣùgbọ́n títì wọn wà lórí Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná ogún wákàtí lójúmọ́, nítorí náà jẹ́ńì wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dún. Wọ́n fi mini UPS kan, bátìrì kékeré tó ń gbé iná fún router tí iná bá lọ, tí ò tóbi ju búlọ́ọ̀kù ọṣẹ lọ, sẹ́yìn router. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ tí mo lọ dán an wò, ìpè mi ò já. Ojúmọ́ kan 3,500, oṣù kan 50,000. Mo ṣírò ẹ̀: ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ, bíi ọjọ́ mẹ́tàlá lóṣù, 45,500 nìyẹn, mo bá ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa san án lójúmọ́.

Yàrá kékeré tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpè ló ń dà mí láàmú, ó há, ó gbóná bí ààrò, mo máa ń mú fáànù kékeré tó ń lo ṣájà dání, mo sì máa ń pa á tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀. Àti Ọjọ́rú. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà lókè wa, aago mẹ́rin ni ìlù máa ń bẹ̀rẹ̀, wọn ò sọ fún mi kí n tó sanwó, èmi náà ò béèrè. Ọjọ́rú, ilé ni mo máa ń wà, mo ti bá ìyá aláta sọ ọ́, wọ́n ti ń gbìyànjú láti lọ ata wọn tán kó tó di aago méjì.