Bí a ṣe ń sọ ewé èlú di aró: omi eérú ni kí ẹ ṣọ́

Ọ̀mùnú èlú ni kí ẹ já, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú lẹ́yìn òjò. Ewé tó ti gbó kì í ní aró púpọ̀. Èlú bá ẹ̀wà tan, a máa fà mọ́ igi, èso rẹ̀ sì pẹlẹbẹ. Bí ó bá ń rú yín lójú, ẹ fi ìka ra ewé rẹ̀, kí ẹ gbé e sí atẹ́gùn. Bí kò bá dúdú bí aró, kì í ṣe òun.

Ẹ gún un lọ́jọ́ tí ẹ já a, ẹ mọ ọ́n róbótó bí ìkúùkù ọmọdé, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, yóò hu èébu. Èyí tó gbẹ dáadáa a máa pẹ́ nílẹ̀.

Omi eérú, ìyẹn omi tí a jẹ́ kí ó kán gba inú eérú kọjá, ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ bí kò bá dára. Aró inú èlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń tú u sílẹ̀ bí èlú ṣe ń kan nínú ìkòkò, agbára eérú ló sì ń gbè wọ́n. Bí agbára náà bá kéré, èlú yóò jẹrà, yóò máa rùn. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn kòkòrò náà yóò kú, omi náà yóò sì jẹ òwú àti ọwọ́ yín.

Eérú igi àyín ló dára jù. Ẹni tí kò bá rí i, kí ó lọ tọrọ èèpo kòkó lọ́wọ́ àwọn olóko ní Ìjùmú tàbí Kàbbà, kí ó sun ún. Ẹ má kó eérú ibi tí wọ́n ti sun ike. Ẹ sẹ́ ẹ kí èédú kúrò.

Ẹ gbé àjẹrẹ, ìkòkò tó ní ihò nídìí, lé ìkòkò lórí, ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ sí ìdí rẹ̀, ẹ da eérú sí i kọjá ìdajì, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ máa bu omi tútù lé e díẹ̀díẹ̀ kí ó máa kán. Bí ó bá ń ṣàn wàà, omi lásán lẹ ń gbà. Ẹ dá a padà sórí eérú. Garawa ike tí a fi ìṣó lu ihò sí nídìí lè dípò àjẹrẹ. Alumíníọ́mù ni kí ẹ yẹra fún, nítorí omi eérú a máa jẹ ẹ́.

Omi àkọ́kán ló máa ń le jù. Ẹ pò ó mọ́ èyí tó kán tẹ̀lé e kí ẹ tó dán an wò. Ẹ fi ìka méjì ra á: ó ní láti yọ̀ bí omi ọṣẹ. Bí kò bá yọ̀, ẹ gbà á kọjá lára eérú tuntun. Bí ó bá ń ta yín lọ́wọ́, ẹ bu omi là á. Ẹ má torí àtiyára fi kọ́sítíìkì sódà rọ́pò eérú. Bí ó bá fi díẹ̀ pọ̀ jù, ìkòkò ti kú nìyẹn, ó sì lè bó ọwọ́, kí ó fọ́ ojú.

Garawa omi eérú kan, èlú gbígbẹ mẹ́wàá: bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n nìyẹn. Ẹ fọ́ èlú sí i, ẹ dé e, ẹ gbé e síbi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa fi igi rò ó láràárọ̀, jẹ́jẹ́ ni o, nítorí atẹ́gùn tó bá wọ̀ ọ́ ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí méje, ojú rẹ̀ yóò máa dán bí bàbà, omi abẹ́ yóò sì dà bí àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n. Lásìkò ọyẹ́ ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ rẹ òwú kí ó tó dé orí òfì. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ín, ẹ fún un, kí ẹ tó rì í sínú aró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọ̀ ewé ni yóò bá jáde. Ẹ na án sí atẹ́gùn, yóò di aró lójú yín. Ẹ tún un rì. Ẹ̀ẹ̀mẹta yóò fún yín ní àwọ̀ ojú ọ̀run. Ẹni tó bá fẹ́ dúdú kò gbọdọ̀ dín ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ, nítorí pípẹ́ nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan kò lè rọ́pò rírì léraléra. Ẹ fi omi ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, ẹ sá a sábẹ́ ibòji.