Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta góòlù lórí eBay

Ẹ̀yin èèyàn wa ní London tẹ́ ẹ fẹ́ ta ṣéènì góòlù tàbí aago ọwọ́ olówó ńlá lórí eBay, ẹ fara balẹ̀ o. Kọsítọ́mà tó bá ní kẹ́ ẹ bọ́ sórí WhatsApp, ẹ má dá a lóhùn. Ímeèlì tó ní owó ti wọlé kì í ṣe owó, ẹ fọwọ́ ara yín ṣí ápù eBay yín kẹ́ ẹ wò ó. Kẹ́ ẹ tó dì í, ẹ ya fídíò ẹ̀ àti nọ́ńbà ara ẹ̀, torí àwọn kan á rà á tán, wọ́n á wá dá ayédèrú padà, wọ́n á ní òun lẹ fi ránṣẹ́ (ẹ ò rí ayé!). Ẹni tó bá fẹ́ wá gbé e fúnra ẹ̀, ẹ rí i pé owó ti wọlé kẹ́ ẹ tó gbé e fún un.