Ìkéde kan, ilé kan: bẹ́ ẹ ṣe lè fi fídíò àti wẹ́bsáìtì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sọ̀rọ̀ kó yé wọn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni ní yunifásítì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ọ́fíìsì ẹ̀ka ẹ̀kọ́, àtẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi ṣe aṣojú kíláàsì, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí iṣẹ́ mi ti jẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ látẹnu àwọn olùkọ́ lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí mo sì rí ni pé ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ń pọ̀ jù, ímeèlì ń wọlé, WhatsApp ń dún, fídíò wà lórí YouTube, ìwé ìkéde wà lára ògiri, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á ṣì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì á máa béèrè pé ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo gan-an ni ìdánwò yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Olùkọ́ kan ṣe fídíò oníṣẹ́jú mẹ́rin, fídíò náà dáa, ó ṣàlàyé bí ìdánwò ṣe máa rí, ó sì fẹnu ara ẹ̀ dárúkọ ọjọ́ àti gbọ̀ngàn tí wọ́n máa lò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n yí gbọ̀ngàn padà. Ó fi ímeèlì ránṣẹ́ lóòótọ́, àmọ́ fídíò ti wà nínú fóònù àwọn èèyàn, wọ́n ti fi ránṣẹ́ síra wọn kiri. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́nu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, òógùn ń bò wọ́n, ọ̀kan nínú wọn na fóònù ẹ̀ sí mi, ó ní "ẹ gbọ́, ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí wọ́n sọ". Mo gbọ́ ọ. Ohun tó sọ náà ni fídíò sọ. Kí ni mo fẹ́ bá a wí sí?

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń pariwo ẹ̀ fẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́: ohunkóhun tó bá lè yí padà, ẹ má fi sínú fídíò. Ọjọ́, aago, yàrá, líǹkì, orúkọ ẹni tó máa gba iṣẹ́, ojú ewé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni kí gbogbo ìyẹn wà. Ìdí ẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá ti gbé fídíò sórí YouTube, ẹ ò lè fi òmíràn rọ́pò ẹ̀ kí líǹkì ẹ̀ sì wà bó ṣe wà, ẹ lè gé díẹ̀ kúrò, ẹ lè yí àkọlé padà, àmọ́ ohùn tó ti sọ "gbọ̀ngàn kejì" á máa sọ ọ́ lọ ni. Ojú ewé ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan lẹ máa fi tún un ṣe, ẹni tó bá sì ṣí líǹkì tó ti ní tẹ́lẹ̀ á bá tuntun níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́lé fún ọ̀rọ̀ yín

Torí náà kẹ́ ẹ tó ronú kan kámẹ́rà rárá, ẹ ṣí ojú ewé kan fún kọ́ọ̀sì yín. Ó lè jẹ́ lórí Moodle, ìyẹn pọ́tálì ẹ̀kọ́, ó lè jẹ́ lórí wẹ́bsáìtì ẹ̀ka yín, kódà kó jẹ́ Google Docs lásán tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá ní líǹkì ẹ̀ láti kà, kò burú, ohun tí mo ń wá ni líǹkì kan tí kò ní yí padà títí sáà á fi parí. Ibẹ̀ nilé ọ̀rọ̀. Ímeèlì àti WhatsApp àtohun tẹ́ ẹ sọ ní kíláàsì, ilé yẹn ni gbogbo wọn ń júwe. Tí nǹkan bá yí padà, ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe kẹ́ ẹ tó kéde níta, ẹ má yí ètò yẹn sódì o, torí ẹni tó bá gbọ́ ìkéde tó sáré lọ síbẹ̀ tó wá bá ohun àtijọ́ kò ní yà síbẹ̀ mọ́ nígbà míì.

Lókè pátápátá, ẹ kọ ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, aago, àti ibi tí wọ́n máa fi iṣẹ́ sí. Àlàyé gígùn lè wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ tún ojú ewé náà ṣe kẹ́yìn síbẹ̀, ìlà kan péré ni, ó máa ń fọkàn èèyàn balẹ̀. Ẹ sì dárúkọ oṣù, ẹ má fi nọ́ńbà kọ ọ́, torí tẹ́ ẹ bá kọ 03/04, ará Amẹ́ríkà á kà á sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta, ẹni tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, àwọn méjèèjì sì tọ̀nà níbi tí wọ́n wà. Tẹ́ ẹ bá lákẹ́kọ̀ọ́ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè míì, ẹ fi aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò gbogbo ayé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago tiyín.

Ímeèlì wá ńkọ́? Kó kúrú. Àkọlé ẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù, "Ìkéde pàtàkì" ò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, gbogbo ímeèlì ló ń pera ẹ̀ ní pàtàkì. Ẹ wo èyí: "Kẹ́mísìrì: iṣẹ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́." Akẹ́kọ̀ọ́ tí ò tiẹ̀ ṣí i ti mọ ohun tó yẹ kó mọ̀. Nínú ímeèlì fúnra ẹ̀, ìlà méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà líǹkì ojú ewé, ó tán. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí èèyàn púpọ̀, inú àyè BCC ni kẹ́ ẹ kó àdírẹ́sì wọn sí, kí àdírẹ́sì ẹnì kan má bàa di ti gbogbo ayé.

Fídíò: ohun tó wà fún gan-an

Fídíò dáa fún ohun tí ojú gbọ́dọ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń lo irinṣẹ́ kan ní lábù, bí wọ́n ṣe ń gbé iṣẹ́ sórí pọ́tálì, ìṣirò kan tẹ́ ẹ̀ ń ṣe látòkè délẹ̀ tẹ́ ẹ sì ń sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó tún dáa fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí wọ́n rí ojú yín kí wọ́n gbọ́ ohùn yín, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti rí yín tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín kò ní bẹ̀rù láti wá béèrè ọ̀rọ̀. Irú fídíò báyìí lẹ lè tún lò ní sáà tó ń bọ̀, torí kò sí ọjọ́ kankan nínú ẹ̀.

Ó yẹ kó gùn tó? Lọ́dún 2014, Philip Guo àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ méjì wo ìgbà tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà tí àwọn èèyàn wo fídíò ẹ̀kọ́ lórí edX, ìyẹn iléeṣẹ́ tí Harvard àti MIT dá sílẹ̀ lọ́dún 2012. Ohun tí wọ́n rí ni pé bó ti wù kí fídíò gùn tó, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà ni èèyàn máa ń fara balẹ̀ wò ó mọ. Wọ́n tún rí i pé fídíò tí olùkọ́ jókòó sídìí tábìlì ẹ̀ tó ń báni sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ lè mú èèyàn dání ju èyí tí wọ́n náwó nára sí ní sítúdíò lọ. Inú mi dùn sí ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló ń sọ fún mi pé àwọn ò ní kámẹ́rà ńlá. Ẹ ò nílò ẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i, tẹ́ ẹ bá kàn mú lẹ́kíṣọ̀ oníwákàtí kan tẹ́ ẹ gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kò ní rí bí èyí tẹ́ ẹ ti pinnu látìbẹ̀rẹ̀ pé ó máa kúrú, gbólóhùn àárín ọ̀rọ̀ á kàn máa bẹ̀rẹ̀ fídíò. Ẹ kọ ìbéèrè kan ṣoṣo sórí bébà, ẹ dáhùn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì pa kámẹ́rà.

Ohùn lẹ máa kọ́kọ́ tún ṣe. Àwọn èèyàn á fara da àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, àmọ́ tí ohùn bá ń dún bí ẹni tó wà nínú àgbá, wọ́n á pa á. Máìkì tó wà lára waya ìgbọ́rọ̀ fóònù tó, ẹ jẹ́ kó sún mọ́ ẹnu yín, kó má fara kan aṣọ. Yàrá tó ní kọ́tìnnì àti àga onítìmùtìmù dáa ju yàrá òfìfo lọ, torí aṣọ máa ń gbé ohùn mì tí ògiri á máa dá a padà. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ tẹ́tí sí i, kẹ́ ẹ tó ṣe gbogbo ẹ̀, mo ti rí ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú tí kò sì tan máìkì ẹ̀, mo rí ojú ẹ̀ nígbà tó mọ̀, ó ṣe mí láàánú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọjú sí wíńdò, ẹ má kọ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ sì fi ìwé gbé fóònù ga kó bá ojú yín dọ́gba. Tó bá jẹ́ ojú kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ gbà sílẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ OBS Studio ò gba owó, ẹ sọ lẹ́tà di ńlá kẹ́ ẹ sì pa gbogbo ohun tó lè yọ lójijì.

Ọ̀rọ̀ dátà báyìí, ibí ni mo máa ń bá àwọn èèyàn jiyàn sí jù. Fídíò 720p (nọ́ńbà yẹn ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ tó) tó ń lo mẹ́gábíìtì méjì àtààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan máa jẹ nǹkan bíi 190MB fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá (mẹ́gábáìtì ni MB, bíìtì mẹ́jọ ló sì di báìtì kan). Tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 480p tó ń lo mẹ́gábíìtì kan, ó di 75MB. Ohùn nìkan, ní kílóbíìtì 64, kò tó 5MB! Ọ̀rọ̀ kan náà, olùkọ́ kan náà. Torí ìyẹn, ẹ fi ohùn nìkan àti ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fídíò lójú ewé, kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tí agbára ẹ̀ ká. HandBrake lẹ lè fi dín fídíò kù, ọ̀fẹ́ lòun náà.

Sọ́btáítù ńkọ́? Ẹ má fò ó. Lára ohun tí WCAG, ìlànà tí W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà wẹ́ẹ̀bù, ṣe kí gbogbo èèyàn lè lo wẹ́ẹ̀bù, ń béèrè ní ìpele àkọ́kọ́ ni kí fídíò tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tó ní ohùn ní ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ ẹ̀. YouTube á bá yín kọ ọ́ fúnra ẹ̀ ní àwọn èdè kan, àmọ́ ó máa ń ṣi orúkọ èèyàn àti orúkọ kẹ́míkà gbọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tún un ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ò gbọ́rọ̀ nílò ẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń pariwo nílò ẹ̀. Ẹ tún rántí ẹni tí ò ríran: ìkéde tẹ́ ẹ yà ní fọ́tò tẹ́ ẹ wá gbé síbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń ka ojú ewé fún un ò rí lẹ́tà kankan níbẹ̀, òfìfo ni. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà jàre.

Fídíò tó bá gùn díẹ̀, ẹ pín in sí orí. Lórí YouTube, inú àlàyé ìsàlẹ̀ lẹ máa kọ aago àti àkọlé orí kọ̀ọ̀kan sí, àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ 00:00, kí wọ́n tó mẹ́ta ó kéré tán, kí ìkọ̀ọ̀kan sì tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́.

Ìpàdé ojúkojú lórí ẹ̀rọ

Ìbéèrè ni kẹ́ ẹ fi í ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo fídíò kí wọ́n tó wá, kẹ́ ẹ má wá jókòó máa ka slide fún wọn. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, Google Meet ọ̀fẹ́ lẹ́yìn wákàtí kan téèyàn bá ti tó mẹ́ta, torí náà ẹ ṣètò ọ̀rọ̀ yín kó tó sínú ẹ̀. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá yín máa wo chat, ẹ ò lè sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tún máa kà á. Tẹ́ ẹ bá béèrè nǹkan, ẹ ka ení èjì dé mẹ́wàá nínú yín kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, wọ́n ń wá ibi tí wọ́n á tẹ̀ kí máìkì ṣí ni. Ẹ má fipá mú ẹnikẹ́ni ṣí kámẹ́rà, ẹ ò mọ inú yàrá tó jókòó sí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbà á sílẹ̀, ẹ sọ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ẹni tó máa rí i àti ìgbà tẹ́ ẹ máa pa á rẹ́.

Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnì

Ẹ ṣí líǹkì yín lórí fóònù tí kì í ṣe tiyín, tàbí nínú wíńdò àdáni (Incognito) tó wà nínú bíráwúsà, tẹ́ ẹ ò ti wọlé sí àkáǹtì kankan. Lórí fóònù tiyín gbogbo nǹkan ló máa ń ṣí, torí ẹ̀yin lẹ ni ín. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ á rí ní aago méjìlá òru tí ẹ ti sùn ni pé kó béèrè àyè lọ́wọ́ yín kó tó lè wọlé. Tó bá ṣí, ẹ wo bóyá wọ́n lè kà á láìfi ọwọ́ fà á sọ́tùn-ún sósì, kẹ́ ẹ tẹ líǹkì inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Tí sáà bá parí, ẹ má pa ojú ewé náà rẹ́, torí ẹni tó ní líǹkì ẹ̀ á ṣì wá. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé ti sáà tó kọjá nìyí, kẹ́ ẹ fi líǹkì tuntun sábẹ́ ẹ̀.