Bí A Ṣe Ń Fi Ẹ̀wà, Làálì Àti Iṣu Wo Ibi Tí Ara Ti Ń Dàgbà

Tí ẹ bá bi àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ilé-Ifẹ̀ níbí pé apá ibo lára gbòǹgbò ló ń gùn, púpọ̀ nínú wọn á ní ìdí ni, níbi tó ti yọ lára kóró, bí ẹni ń ti igi bọ inú ilẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀wà, yíǹkì àti òwú ìránṣọ ló là mí lójú, ẹ̀yin náà sì lè ṣe é nínú ilé láàárín ọjọ́ márùn-ún.

Ẹ ra ẹ̀wà díẹ̀. Ọjà Tuntun ni mo ti máa ń ra tèmi. Ẹ ṣa bíi ogún tí kòkòrò ò lu, kí ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ da omi nù, ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ kó o sínú ọ̀rá láìdì í lẹ́nu pa. Ẹ fún aṣọ yẹn dáadáa. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, ńṣe ni mo bu omi bò ó. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ti ń rùn, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Gbòǹgbò ń mí bíi tiwa, omi sì lè sé e léèémí.

Tí gbòǹgbò bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ mú márùn-ún tó tọ́. Ibí yìí ló gba sùúrù jù. Bírò kò ní kọ lára ohun tó tutù, á sì dá a lápá. Ẹ rọra nu omi ara rẹ̀. Ẹ fa òwú ìránṣọ le láàárín ìka ọwọ́ méjèèjì, ẹ rì í bọ yíǹkì dúdú, ẹ jẹ́ kó ro tán, kí ẹ wá fi kan gbòǹgbò náà fẹ́ẹ́rẹ́, bí ìyá ọmọ ṣe ń fi tìróò kan ojú ọmọ tuntun. Láti ṣóńṣó ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ìlà kan fi mílímítà 2 jìnnà sí èkejì, títí tí ìlà á fi pé mẹ́jọ.

Ẹ fi bébà ìnuwọ́ tútù tẹ́ ara ife onígíláàsì nínú yí ká, kí ẹ fi ẹ̀wà há àárín bébà àti gíláàsì, kí gbòǹgbò kọjú sí ìsàlẹ̀. Ẹ bò ó, ẹ gbé e síbi tó ṣókùnkùn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún fi rúlà wọ̀n ọ́n. Àwọn ìlà òkè ò ní yẹsẹ̀, mílímítà 2 wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó sún mọ́ ṣóńṣó ni yóò ti jìnnà síra, yíǹkì wọn á sì ti ṣí bíi pé wọ́n fà á. Nínú ṣóńṣó yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun abẹ̀mí) tí kò tíì níṣẹ́ kan pàtó wà, tí wọ́n ń pín sí méjì méjì. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn ń mu omi sínú, wọ́n sì ń gùn. Sẹ́ẹ̀lì kan lè fi ìlọ́po mẹ́wàá gùn sí i. Lókè wọn ni kálukú ti ń gba iṣẹ́ tirẹ̀. Irun funfun wínníwínní tí ẹ máa rí níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kan péré ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, omi ni wọ́n ń fà. Àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn á kú pátápátá, kí ara wọn tó ti ṣófo lè di ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Èyí máa ń yà mí lẹ́nu lójoojúmọ́: iṣẹ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ àfi tí wọ́n bá kú.

Ara tiwa náà, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ará Ifẹ̀ mọ ìtàn amọ̀ Ọbàtálá: amọ̀ tó fi mọ imú náà ló fi mọ gìgísẹ̀. Àṣẹ tó ń sọ ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa ṣe, èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì awọ ara náà ló wà nínú ti iṣan. Apá tí kálukú ń lò níbẹ̀ ló yàtọ̀.

Ẹ wá fi làálì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sórí èékánná kan, nítòsí ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, méjèèjì á ti jọ sún síwájú ní nǹkan bíi mílímítà 3, àlàfo àárín wọn ò sì ní yí padà. Ìdí ni èékánná ti ń dàgbà, ó yàtọ̀ pátápátá sí gbòǹgbò. Egungun ẹsẹ̀ ọmọdé ló tiẹ̀ fara jọ gbòǹgbò díẹ̀: ìtòsí orí rẹ̀ méjèèjì ló ti ń gùn, tí ibẹ̀ bá sì ti le di egungun, gíga tán. Igi ò rí bẹ́ẹ̀. Ìrókò arúgbó ṣì ní sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbaṣẹ́ ní ṣóńṣó ẹ̀ka àti gbòǹgbò rẹ̀.

Tí iṣu bá wà nílé, ẹ gé èbù méjì láti àárín rẹ̀, kì í ṣe láti orí. Ẹ bó èèpo ọ̀kan kúrò, ẹ fi ti èkejì sílẹ̀. Ẹ fi eérú pa ojú ibi tí ẹ gé, kí ẹ bò wọ́n mọ́ inú lẹ́búlẹ́bú pákó tó tutù díẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ hú wọn wò. Èyí tó ní èèpo ni yóò hù, torí abẹ́ èèpo yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó lè di orí iṣu tuntun wà.