Bí mo ṣe lé owó gbà-má-bínú fún àbúrò mi tí mọ́tò kọlù lórí ọ̀kadà

Ẹni tí mọ́tò bá kọlù lórí ọ̀kadà ní Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ sí owó gbà-má-bínú, ìbáà jẹ́ òun ló ń wa máṣíìnì, ìbáà jẹ́ èrò ẹ̀yìn, bí ẹ̀bi bá ti jẹ́ ti onímọ́tò. Ọ̀pọ̀ ìdílé kò mọ̀, wọ́n á sì máa ta ilẹ̀ láti tọ́jú ẹsẹ̀ tó yẹ kí ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ ẹlòmíràn tọ́jú. Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ọ̀kadà ní Ìbàdàn. Lọ́dún 2023, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan já láti inú àdúgbò bọ́ sí títì láìwo ọ̀tún wòsì, ó gbá a nítòsí Ọ̀jọ́ọ̀, egungun ojúgun rẹ̀ sì kán. Èmi ni mo lé ọ̀rọ̀ owó náà títí ó fi jáde.

Orí fóònù ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó pè mí láti ojú títì sọ pé àwọn ọlọ́kadà ti yí onímọ́tò náà ká, wọ́n fẹ́ lù ú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, torí bí wọ́n bá lè nà án, ẹjọ́ tó jẹ́ tiwa á di tirẹ̀. Mo ní kó ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ náà, láísẹ́ǹsì àti ìwé ìnṣọ́ránsì rẹ̀, kó ya mọ́tò àti máṣíìnì bí wọ́n ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó sún wọn, kó sì gba nọ́ńbà fóònù ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́bàá ibẹ̀. Ìyá yẹn ló wá di ẹlẹ́rìí tí ọlọ́pàá fọkàn tán jù, nítorí kò mọ ẹnikẹ́ni rí nínú wa.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní ká san owó àsansílẹ̀ kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀gá nọ́ọ̀sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé abala 20 nínú òfin ìlera ti ọdún 2014 kò gba ilé ìwòsàn láyè láti kọ ìtọ́jú pàjáwìrì, àti pé ẹni tó bá kọ̀ ọ́ láìnídìí lè san ìtanràn náírà 100,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 6. Wọ́n gbà á wọlé.

Bàbá wa fẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun. N kò bú wọn; mo mọ ẹni tí wọ́n tò tó ń rìn dáadáa. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì kì í sanwó lórí ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ ya X-ray, kí dókítà kọ ìwé ohun tó ṣẹ́ àti ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ máa gbà. Láti ọjọ́ náà, gbogbo rìsíìtì ni mo ń kó sínú fáìlì kan: oògùn, iṣẹ́ abẹ, igi abẹ́ abíyá tó fi ń rìn, títí kan owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn tí mo ń kọ sínú ìwé pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bà jẹ́. A ti sọ tẹnu wa, àwọn VIO, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ọkọ̀ wò, ti yẹ mọ́tò àti máṣíìnì wò, nígbà tí àwọn ẹbí onímọ́tò wá pẹ̀lú àgbààgbà. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n mú owó díẹ̀ dání, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n fẹ́ ká fọwọ́ sí, pé ọ̀rọ̀ ti parí, a kò ní béèrè nǹkan kan mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ti ń wá bírò. "Ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣe é," ni wọ́n ń wí.

Èmi náà kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti dárí jì wọ́n, àwa náà ti dárí jì wọ́n. Ìnṣọ́ránsì ni mo fẹ́ kó san owó yìí, n kò bá àpò wọn jà. Bí a bá fọwọ́ sí ìwé yìí, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì la dárí jì." Bí onímọ́tò náà ṣe gbọ́ èyí, ara tù ú. Kò rántí pé òun ní ìnṣọ́ránsì tó wúlò fún nǹkan kan ju kí ọlọ́pàá má dá òun dúró lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ fi tó iléeṣẹ́ náà létí, tó sì gba fọ́ọ̀mù. Ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí àdéhùn ìnṣọ́ránsì sábà máa ń kìlọ̀ fún ẹni tó lọkọ̀ pé kó má bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ mọ̀ sí i.

Ayédèrú ìwé ìnṣọ́ránsì pọ̀ nígboro, nítorí náà mo fi nọ́ńbà ọkọ̀ náà wò ó lórí NIID, àkójọ orúkọ ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ń tọ́jú. Ojúlówó ni. Ká ní ayédèrú ni, ẹni tó lọkọ̀ ni à bá kọjú sí fúnra rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, náírà 15,000 ni ìnṣọ́ránsì third party, èyí tó ń sanwó fún ẹlòmíràn tí ọkọ̀ ẹni bá ṣe lọ́ṣẹ́, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíràn tó bà jẹ́. Ti ọ̀kadà jẹ́ náírà 3,000, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 1. Òfin sì tún fi ti ìpalára ara àti ikú kún un.

Lọ́yà kan bá wa kọ lẹ́tà sí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà. Ó pín owó tí a ń béèrè sí méjì: owó tó ti jáde lọ́wọ́ wa, tí rìsíìtì wà fún, àti ìrora pẹ̀lú iṣẹ́ tí àbúrò mi kò lè ṣe. Apá kejì yẹn ló le, torí ọlọ́kadà kì í gba ìwé owó oṣù. Ìwé pélébé tí ẹni tó ra máṣíìnì fún un fi ń kọ owó tó ń dá lójoojúmọ́ la fi hàn wọ́n, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ tó ti kó jọ sábẹ́ àga máṣíìnì. Kò sẹ́ni tó lè fi ìwé bẹ́ẹ̀ parọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Owó tí wọ́n kọ́kọ́ fi lọ̀ wá kò tó iṣẹ́ abẹ pàápàá. Wọ́n fi discharge voucher tì í: ẹni tó bá fọwọ́ sí i ti gba tán nìyẹn. A kò fọwọ́ sí i. Dókítà kọ ìwé míràn pé wọ́n ṣì máa yọ irin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ó kọ iye rẹ̀, lọ́yà sì rán wọn létí pé òfin ìnṣọ́ránsì ti ọdún 2003, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbà náà, fún wọn ní 90 ọjọ́ láti sanwó tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọn kò fi ní san, àti pé NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ń gbọ́ ẹ̀sùn. Wọ́n fi kún un títí ó fi tó gbogbo ohun tí rìsíìtì wà fún, pẹ̀lú ohun tó dáa díẹ̀ lórí iṣẹ́ tó dúró. Àkáǹtì àbúrò mi gan-an ni mo ní kí wọ́n san án sí. Òfin tuntun ti rọ́pò ti 2003 lọ́dún 2025, ẹ béèrè iye ọjọ́ tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́yà yín.

Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà lè lọ sí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fún aláìní ní lọ́yà; ẹjọ́ ìjàǹbá wà nínú iṣẹ́ wọn. Ní Èkó, OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba tó ń gbèjà ará ìlú, àti Citizens' Mediation Centre, níbi tí wọ́n ti ń làjà, náà wà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́: ọdún 3 ni òfin Èkó fún ẹni tó farapa láti gbé ẹjọ́ lọ sílé ẹjọ́. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń wa ọkọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oṣù 3 péré ni, irú èyí sì ni kí lọ́yà ti gbọ́ kí aláìsàn tó kúrò lórí ibùsùn.