Bí Mo Ṣe Ń Fi Rọ́bà Imú Fún Bàbá Mi Lóúnjẹ

Lẹ́yìn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi, omi lásán ń pá wọn lórí. Dókítà ti rọ́bà tín-ín-rín gba ihò imú wọn lọ sínú ikùn, ó sì ní kí a ya X-ray kó lè dájú pé ikùn ló wà. Nọ́ọ̀sì kọ́ mi títí ó fi mọ́ mi lọ́wọ́ ká tó gbé wọn wálé.

Oúnjẹ fífún kọ́ niṣẹ́ o. Ohun tí mò ń ṣe kí oúnjẹ tó wọlé niṣẹ́. Màá fọwọ́, màá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó ìwọ̀n 30 sí 45 digiri, màá wá wo àmì tí nọ́ọ̀sì fà sára rọ́bà níbi ihò imú. Bí àmì yẹn bá ti sún, n kò ní fún wọn ní nǹkan kan, nọ́ọ̀sì ni màá pè. Bí kò bá sún, màá fi sírínjì fa omi ikùn díẹ̀, màá kán an sórí bébà pH, ìyẹn bébà tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn. Bí bébà bá fi 5.5 hàn tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, omi kíkan inú ikùn nìyẹn. “Ṣé o ò tíì ṣe tán ni?” Ìbéèrè bàbá nìyẹn lójoojúmọ́. “Ẹ ṣe sùúrù, sà.”

Àwọn kan máa ń fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà, kí wọ́n fetí sí ikùn bóyá ó dún. Ẹ má gbára lé e. Rọ́bà tó yà sínú ẹ̀dọ̀fóró náà lè dún bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku oúnjẹ. Màá fi omi 30 mílílítà ṣan rọ́bà, màá yọ ọ̀pá inú sírínjì, màá da oúnjẹ olómi sí i, màá gbé e sókè kó máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. N kì í fipá tì í, èébì nìyẹn ń fà. Bí wọ́n bá wúkọ́, mo ti pa rọ́bà pọ̀ nìyẹn.

Oògùn ló máa ń dí rọ́bà jù. Màá lọ̀ ọ́ kúnná, màá pò ó mọ́ omi, màá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sì fi omi ṣan rọ́bà láàrin méjì. N kì í dà á pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo hóró oògùn ló ṣeé lọ̀: èyí tí wọ́n ṣe kó máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, bí a bá lọ̀ ọ́, gbogbo agbára rẹ̀ á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi apòògùn kí n tó lọ ohunkóhun, ó sì bá wa fi olómi rọ́pò àwọn kan.

Bí oúnjẹ bá tán, omi 30 mílílítà mìíràn, bàbá ò sì ní dùbúlẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ìgbà yẹn ni mo máa ń fọ ẹnu wọn, torí ẹnu tí kò jẹun a máa gbẹ, kòkòrò a sì máa kó síbẹ̀. Dókítà ní bó bá ju ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 lọ, àwọn á gba ara ikùn ti rọ́bà mìíràn wọlé tààrà, kí imú lè sinmi.