Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra lẹ́ǹsì tẹlẹfótò olówó pọ́ọ́kú, ẹ má ṣe àwọn àṣìṣe yìí

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí Iléyá pé nígbà tí àbúrò kan wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó há páálí gígùn kan mọ́ abíyá, kò tíì kí mi tán tó fi ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wo nǹkan, 800 ni o!" Ó tú u jáde, lóòótọ́ wọ́n kọ 420-800mm sára ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Ojúde Ọba ló tìtorí ẹ̀ rà á, ó fẹ́ dúró sí ọ̀ọ́kán kó máa ya àwọn ẹlẹ́ṣin. Mo yí i wò, mo rí f/8.3-16 lára ẹ̀ (f yẹn ni bí ojú lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, bí nọ́ńbà ẹ̀ bá ṣe tóbi tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe kéré tó), mo wá wo ìdí ẹ̀ bóyá máa rí àwọn kọ́ńtáàtì kéékèèké aláwọ̀ wúrà tí lẹ́ǹsì fi ń bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀, mi ò rí ẹyọ kan. Ìyẹn ni pé autofocus ò sí, stabilizer tó ń dá gbígbọ̀n ọwọ́ dúró ò sí, ọwọ́ lèèyàn máa fi yí fókọ́ọ̀sì nígbà tí ẹṣin bá ń sáré bọ̀. Oṣù mẹ́rin ló fi tọ́jú owó yẹn. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Látìgbà tí fótò Ojúde Ọba ti gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì kan ní 2024 ni gbogbo ẹni tó ní kámẹ́rà mirrorless (àwọn tuntun tí ò ní dígí nínú) ti ń wá lẹ́ǹsì gígùn, tẹlẹfótò tó ń fa nǹkan òkèèrè sún mọ́ni, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ àṣìṣe kan náà ni mò ń rí lọ́wọ́ wọn, owó ń ṣòfò, ó sì ń dùn mí torí owó ò sí níta.

Èyí tó pọ̀ jù ni pé nọ́ńbà mm tó wà lára lẹ́ǹsì làwọn èèyàn ń rà. Wọ́n rí 300, wọ́n rí 400, wọ́n rí 800, ojú wọn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà yín ná, ìyẹn ojú inú kámẹ́rà tó ń gba àwòrán. Tó bá jẹ́ Sony a6000, a6100, a6400, tàbí Nikon Z50, tàbí Fujifilm X, sẹ́ńsọ̀ wọn kéré sí full frame (sẹ́ńsọ̀ ńlá tó tó fíìmù àtijọ́), ẹ máa sọ nọ́ńbà lẹ́ǹsì di ìlọ́po 1.5. Canon R10 àti R50, 1.6. Àwọn Olympus àti Lumix kéékèèké yẹn, 2. Tẹ́ ẹ bá wá fi Sony 55-210mm sórí a6400, ibi tí 315 ń dé lórí full frame ló ń dé yẹn, ẹ ti ní nǹkan tẹ́ ẹ ń wá kiri lọ́wọ́ láìmọ̀. Ẹ sì tún wo eléyìí: kẹ́ ẹ kúrò lórí 300 lọ sí 400, bí ìgbà téèyàn kúrò ní mítà 20 sún mọ́ mítà 15 ni. Mítà márùn-ún! Ẹsẹ̀ yín lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, àyàfi tí wọ́n bá fi irin dínà.

Ohun míì tún wà nínú ọ̀rọ̀ òkèèrè yìí tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń ra lẹ́ǹsì, òun ni oòrùn. Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ní gbangba ìta ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, ooru á máa gòkè látorí ilẹ̀ bí ẹ ṣe ń rí i lórí ọ̀dà títì, atẹ́gùn gbígbóná yẹn á máa mì láàárín ẹ̀yin àti nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà. Bẹ́ ẹ bá ṣe jìnnà tó ló ṣe máa bà á jẹ́ tó. Kò sí lẹ́ǹsì tó lè tún un ṣe, ì báà jẹ́ olówó gọbọi, ẹ sún mọ́ ọn ni tàbí kẹ́ ẹ tètè dé kí oòrùn tó le.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù, torí ó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Lẹ́ǹsì gígùn máa ń sọ gbígbọ̀n ọwọ́ di ńlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi stabilizer sínú ẹ̀, Sony ń pè é ní OSS, Canon ní IS, Nikon ní VR, Fujifilm ní OIS, Tamron ní VC. Àwọn bọ́dì kámẹ́rà kan sì ní tiwọn nínú, bí Sony A7 III, a6600, a6700, Canon R7. Àmọ́ bọ́dì olówó pọ́ọ́kú tó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ò ní in: a6000 ò ní, a6100 ò ní, a6400 ò ní, R50 àti R10 àti R100 ò ní, Nikon Z50 àti Z30 ò ní. Wàyí o, Tamron 70-300mm f/4.5-6.3 tí wọ́n ṣe fún Sony ní 2020, lẹ́ǹsì tó dáa ni, fótò ẹ̀ mọ́ kedere, kò wúwo, ṣùgbọ́n kò ní VC. Tẹ́ ẹ bá fi sórí A7 III kò sí wàhálà. Tẹ́ ẹ bá fi sórí a6400, ẹnì kankan ò dá ọwọ́ yín dúró nìyẹn.

A6400 ni mo gbé lọ síbi ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè kan, lẹ́ǹsì yẹn ni mo yá. Ojú ọjọ́ ṣú, abẹ́ kánópì làwọn òbí wà, mo gbé ṣọ́tà sí 1/125 (ó ń ṣí fún ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú àáyá), mo ń yà, lójú síkírínì kékeré ẹ̀yìn kámẹ́rà gbogbo ẹ̀ dáa. Ìgbà tí mo délé tí mo ṣí i sórí kọ̀ǹpútà ni mo rí i. Màmá àgbàlagbà kan wà tó ń ju ọwọ́ sí ọmọ ọmọ ẹ̀ lórí pèpéle, ó wẹ gèlè pupa, yẹtí iyùn wà létí ẹ̀, ẹ̀rín ẹnu ẹ̀ dùn ún wò, yẹtí yẹn wá di méjì, ojú di mẹ́rin. Fótò tí ìdílé yẹn ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ láéláé. Mo dá owó wọn padà fún wọn, àmọ́ owó kọ́ ni wọ́n fẹ́.

Torí náà tẹ́ ẹ bá wà lórí bọ́dì tí ò ní stabilizer, ẹ má ra lẹ́ǹsì tí ò ní. Canon náà ní èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, EF 75-300mm III àtijọ́ yẹn, ó wà káàkiri, ó rọjú gan-an, kò ní IS, tẹ́ ẹ bá sì nà án dé 300 á ṣe bàìbàì. Wọ́n tún gbé RF 75-300mm jáde ní 2025, òun náà ò ní IS. Ẹni tó ní R10 tàbí R50, mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n wá EF-S 55-250mm IS STM tókunbọ̀ kí wọ́n ra adapter EF-EOS R sí i, èyí tó ń so lẹ́ǹsì EF àtijọ́ mọ́ kámẹ́rà R, autofocus ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, adapter yẹn ò ní gíláàsì kankan nínú tó máa ba fótò jẹ́.

Kẹ́ ẹ sì má rò pé tí stabilizer bá ti wà ó tán. Ọwọ́ yín ló ń dá dúró, kì í dá ẹni tó ń jó dúró o. Tẹ́ ẹ bá ń lo 300 lórí a6400, ṣọ́tà yín ò gbọdọ̀ kéré sí bí 1/500 tí kò bá sí stabilizer, ẹṣin tó ń sáré sì ń fẹ́ 1/1000 sókè bóyá stabilizer wà o tàbí kò sí.

Ṣọ́tà tó yá yìí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìmọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ lẹ́ǹsì súùmù gígùn olówó pọ́ọ́kú ló ń dín ojú kù bẹ́ ẹ bá ṣe ń nà án, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní f/4.5, tẹ́ ẹ bá fi máa dé òpin ó lè ti di f/6.3, Canon RF 100-400mm tiẹ̀ di f/8. Lẹ́ǹsì f/2.8 ń gba ìmọ́lẹ̀ bí ìlọ́po márùn-ún ti f/6.3. Ẹ gbé e wá sínú họ́ọ̀lù ìyàwó: fótógíráfà tó ń lo f/2.8 wà lórí ISO 1600 (ISO ni bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀, tó bá ti ga jù fótò á rí ṣákiṣàki), ẹ̀yin tẹ́ ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ ń lo ṣọ́tà kan náà ní f/6.3 máa wà lórí 8000, ara ìyàwó á wá rí ṣákiṣàki, lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi owó ńlá rà á dà bí àṣọ tí wọ́n ti fọ̀ tó ti ṣá. Mo ti rí i tí kọ́sítọ́mà fi bínú. Ìta, ojú ọ̀sán, pápá bọ́ọ̀lù, ẹyẹ, fẹ́sítífà, ibẹ̀ ni lẹ́ǹsì wọ̀nyí ti ń ṣiṣẹ́ owó wọn, RF 100-400 yẹn dáa débi pé mo máa ń yìn ín fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ya nǹkan lójú oòrùn. Àmọ́ tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti họ́ọ̀lù lẹ ti ń jẹun, ẹ gbàgbé súùmù gígùn ná, ẹ ra 85mm f/1.8 tókunbọ̀, kẹ́ ẹ rìn sún mọ́ wọn.

Àbúrò tó gbé 800 wá nìyẹn, mo ní kó gbé e padà lọ́jọ́ yẹn gan-an kí páálí ẹ̀ tó ya. Ẹni tó tà á fún un gbà á, ó yọ díẹ̀ lórí ẹ̀, ó fi èyí tó kù ra 55-210 OSS tókunbọ̀. Lẹ́yìn fẹ́sítífà ó fi fótò kan ránṣẹ́ sí mi, èèyàn lè ka ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ẹṣin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀rọ̀ mount náà wà o, ìyẹn ẹnu tí lẹ́ǹsì fi ń wọ kámẹ́rà, ẹ má sọ pé Sony ni Sony, A-mount àtijọ́ kì í ṣe E-mount. Lẹ́ǹsì Nikon àtijọ́ tí wọ́n kọ AF-D sí, tẹ́ ẹ bá fi adapter FTZ gbé e sórí kámẹ́rà Nikon Z, fókọ́ọ̀sì ẹ̀ ò ní dá ṣiṣẹ́, torí mọ́tò tó máa yí i ò sí nínú adapter yẹn, AF-S tó ní mọ́tò tiẹ̀ nínú ni kẹ́ ẹ wá. Ẹni tó ní A7 III, tó jẹ́ full frame, tó lọ ra 55-210 tí wọ́n ṣe fún sẹ́ńsọ̀ kékeré torí ó pọ́ọ́kú, á wọlé, á yàwòrán, àmọ́ kámẹ́rà á gé etí fótò kúrò, mẹ́gápíkísẹ́lì 24 yín á di nǹkan bíi 10. Àti àwọn gíláàsì tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú lẹ́ǹsì tí wọ́n ní á sọ ọ́ di tẹlẹfótò, ẹ dákun, ẹ má fi owó yín ra ìyẹn rárá.

Tókunbọ̀ lọ̀pọ̀ nínú wa máa rà, mi ò rí nǹkan tó burú níbẹ̀, tèmi fúnra mi tókunbọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró sójú páálí. Ẹ gbé bọ́dì yín àti káàdì lọ. Ẹ ṣí ìdérí lẹ́ǹsì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú ẹ̀ kọjá lọ́nà ẹ̀gbẹ́, tẹ́ ẹ bá rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn tó ń na ẹ̀ka, fungus ni, ọ̀rinrin ló fà á, ẹ dá a padà bó ti wù kó rọjú tó. Eruku ọyẹ́ kan tàbí méjì ò ṣe nǹkan kan. Ẹ nà án, ẹ sún un padà, ẹ tẹ́tí sí i bóyá ó ń ha bí ẹni pé iyẹ̀pẹ̀ wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ jáde sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ wá pátákó tó ní lẹ́tà kéékèèké lódìkejì títì, ẹ nà án dé òpin, ẹ yà á bí ìgbà mẹ́wàá, ẹ pa stabilizer ẹ ya mẹ́wàá sí i, ẹ wá fẹ fótò náà lójú kẹ́ ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí ẹ̀gbẹ́ òsì bá mọ́ kedere tí tọ̀tún ṣe bàìbàì, ó ṣeé ṣe kí lẹ́ǹsì yẹn ti já bọ́ rí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dídín owó fà yín lójú. Tí gbogbo ẹ̀ bá dáa, kí wọ́n kọ síríà nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ǹsì sínú rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.